Ṣé Ẹni Tó Ń Ta Wáìnì Lè Di Akápò Ẹgbẹ́?

 

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní ìlú Jos àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ wáìnì ni a gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ipò ìlú sì tún ni. Ẹ̀yin Àlhájì wa, ẹ̀yin Pásítọ̀ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pa ìwé ìròyìn yín dé. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni mu ún; àwa tí a ń kọ ọ́ pàápàá kì í fi í kan ẹnu. Àwọn tí wọ́n ń ṣe é, tí wọ́n ń tà á, tí ìlú wá gbé ipò lé lọ́wọ́, àwọn ni a fẹ́ sọ ìtàn wọn fún yín.

Ohun tó fà á nìyí. Akápò ẹgbẹ́ wa, tí ó ti di ipò náà mú fún ọdún mọ́kànlá láìsí pé kọ́bọ̀ kan sọnù, ti padà sílé sí Ọ̀fà nítorí pé ara ti di ara àgbà. Nígbà tí a pe ìpàdé láti yan ẹlòmíràn, ẹnìkan dìde, ó dárúkọ ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tí ó ti ń ta bíà, wáìnì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ilé fi dàrú.

Àlhájì kan ní owó tí mùsùlùmí dá àti owó tí kìrìsìtẹ́nì dá kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọtí. Màmá wa kan tí ó ń ta ẹja gbígbẹ ní Terminus dá a lóhùn pé ta ni kì í ta nǹkan nínú wa, àti pé nígbà tí ọmọ náà ń dá owó pẹ̀lú wa láti ọdún yìí wá, ṣé a máa ń gbóòórùn owó rẹ̀ kí a tó gbà á ni? Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. A rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Àfi bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ṣe na ọwọ́ láti ẹ̀yìn. Ó ní òun kò bá ọtí jà, òun kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní lọ́wọ́ ta ni ẹgbẹ́ ti ń ra ohun mímu ọjọ́ àjọ̀dún wa lọ́dọọdún? Bí ẹni náà bá wá di akápò, ṣé òun ni yóò fọwọ́ sí i pé kí a san owó, òun náà ni yóò sì na ọwọ́ gbà á?

Ilé pa lọ́lọ́. Ẹni tí a dárúkọ náà ń wo ilẹ̀. A ní kí ọ̀rọ̀ sùn di ìpàdé tó ń bọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, a wà níbi ìgbéyàwó ọmọ wa kan, wọ́n sì gbé ìgò wáìnì pupa kan sí iwájú wa. Bí a kò bá mu ún, a lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. "South Africa" wà níbẹ̀, bí ó ti wà lára ọ̀pọ̀ ìgò tí a fi ń ṣe ayẹyẹ nílẹ̀ wa. Orúkọ ìlú kan sì wà lókè rẹ̀: Stellenbosch. A mi orí. A mọ orúkọ yẹn nínú ìwé ìtàn. Igbó Stel ni ìtumọ̀ rẹ̀, gómìnà kan ni Stel náà sì ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ wa sọ ní ìpàdé, àwọn àgbẹ̀ àjàrà ti sọ ọ́ ní ibi tí ìgò yẹn ti wá ní ohun tó lé ní 300 ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1652, Kọ́ńpìnnì àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Holland tí ọkọ̀ ojú omi wọn ń lọ kó ata àti aṣọ ní apá Íńdíà sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí a ń pè ní Cape Town. Ibi tí àwọn atukọ̀ yóò ti máa rí omi, ẹran àti ewébẹ̀ ni wọ́n ń wá. Àwọn Khoikhoi tí wọ́n ń da màlúù ni wọ́n bá níbẹ̀. Olórí àwọn àlejò náà, Jan van Riebeeck, gbin àjàrà, ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1659, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé àwọn fún wáìnì àkọ́kọ́ láti inú èso ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1659 yẹn kan náà ni àwọn Khoikhoi gbé ogun dìde, nítorí pé ibi tí màlúù wọn ti ń jẹ ti di oko àlejò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sí ọkàn o, nítorí pé nínú gbogbo ìjà tí a fẹ́ sọ, kò sí ẹni tó tún bi àwọn onílẹ̀ léèrè ohunkóhun.

Ní ọdún 1679 ni Simon van der Stel dé gẹ́gẹ́ bí olórí tuntun. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1639, nítòsí erékùṣù Mauritius, ìyá tó bí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ obìnrin ilẹ̀ Éṣíà tí wọ́n ti fi ṣe ẹrú rí. Kò tíì pé oṣù méjì tó dé tí ó ti tẹ ìlú Stellenbosch dó. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ àjàrà dénú. Wáìnì tí àwọn àgbẹ̀ ń ṣe kí ó tó dé, kíkan ni, nítorí pé ẹyẹ kò jẹ́ kí wọ́n ní sùúrù, wọ́n á ká èso kí ó tó pọ́n, wọ́n á sì rọ ọ́ sínú àgbá tó dọ̀tí. Ó ṣòfin pé ẹni tó bá fún àjàrà tí kò tíì pọ́n yóò san owó ìtanràn. Ní ọdún 1685 wọ́n fún un ní ilẹ̀ ńlá kan, ó sọ ọ́ ní Constantia, ibẹ̀ ni ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi han àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wáìnì dídùn ibẹ̀ di ohun tí àwọn ọba ilẹ̀ Yúróòpù ń ránṣẹ́ rà. Napoleon tí wọ́n lé lọ sí erékùṣù St Helena náà mu nínú rẹ̀.

Wọ́n sọ Simon di gómìnà ní ọdún 1691. Ó fẹ̀yìntì ní ọdún 1699, ó kó lọ sí oko rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọdún 1712. Iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe, a kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹrú ni wọ́n ń ro oko náà, àwọn tí wọ́n kó láti Madagásíkà, láti Íńdíà àti láti àwọn erékùṣù ìlà oòrùn. Ohun mìíràn tún wà: gómìnà tó ń ṣòfin lórí wáìnì náà ló ní ọgbà àjàrà tó dára jù. Ní ayé tirẹ̀, àwọn èèyàn fara dà á. Ọmọ rẹ̀ ni ó wá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àṣejù.

Willem Adriaan van der Stel ni orúkọ ọmọ náà. Òun ni ó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ ní ọdún 1699. Ní ọdún 1700 ni ó gba ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Vergelegen, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ibi tó jìnnà, bóyá nítorí pé ó jìnnà sí ojú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí ó gbìn síbẹ̀ kì í ṣe kékeré: wọ́n ní igi àjàrà rẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù. Ta ni ó gbìn ín? Àwọn ẹrú Kọ́ńpìnnì àti àwọn òṣìṣẹ́ tí Kọ́ńpìnnì ń san owó oṣù fún. Igi tí wọ́n fi kọ́lé, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́, ti Kọ́ńpìnnì náà ni. Àwọn ènìyàn wa a máa sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, nídìí pẹpẹ ni yóò ti máa jẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ń tú pẹpẹ náà kó lọ sílé ni.

Ẹ wò ó bí ọjà wọn ṣe rí kí ẹ lè mọ ibi tí bàtà ti ta àwọn àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọjà kò tóbi. Ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀ àti àwọn ilé ọtí inú ìlú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ kò lè dédé gbé àgbá wáìnì rẹ̀ lọ bá ọ̀gákọ̀. Ẹni tí ìjọba bá fún ní àṣẹ ni ó ń tà á, gómìnà ni ó sì ń fi àṣẹ náà fún ẹni tó bá wù ú. Gómìnà ní oko ńlá, bàbá gómìnà ní oko ńlá, àbúrò gómìnà ní oko ńlá, àwọn ìjòyè tó yí i ká náà ní. Ta ni yóò tún ra ti àgbẹ̀ tí kò mọ ẹnìkan?

Ní ọdún 1706 àwọn àgbẹ̀ kọ ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá Kọ́ńpìnnì. Ènìyàn 63 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará ilẹ̀ Faransé tí wọ́n sá fún inúnibíni ẹ̀sìn, tí wọ́n dé ibẹ̀ láti ọdún 1688, èyí ni pé àlejò lórí àlejò ni wọ́n. Adam Tas, àgbẹ̀ kan ní Stellenbosch tí ó mọ̀wé, ni ó bá wọn kọ ọ́. Gómìnà gbọ́. Ní oṣù kejì ọdún náà, wọ́n lọ gbé Tas ní òwúrọ̀, wọ́n gbé tábìlì ìkọ̀wé rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n nínú ilé odi Cape Town. Ó lé ní ọdún kan tí ó lò níbẹ̀. Gómìnà kọ ìwé tirẹ̀ pé ènìyàn rere ni òun, ó sì mú kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin náà mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. A ti rí i nílẹ̀ yìí rí.

Ṣùgbọ́n ìwé àwọn àgbẹ̀ ti wọ ọkọ̀, ó ti dé Holland. Ní ọdún 1707 ni àṣẹ dé láti ọ̀hún pé kí gómìnà kúrò lórí oyè kí ó sì máa bọ̀ wálé. Wọ́n tú Tas sílẹ̀. Wọ́n gé ilẹ̀ Vergelegen sí mẹ́rin, wọ́n tà á. Wọ́n sì tún un sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ Kọ́ńpìnnì pé iṣẹ́ ìjọba àti oko títà kò gbọdọ̀ pàdé lọ́wọ́ ẹnìkan mọ́.

Bí a bá dá ìtàn náà dúró níbẹ̀, yóò dùn gan-an. Ṣùgbọ́n a kò ní purọ́ fún yín. Àbúrò ìyá Tas ni ìyàwó Henning Hüsing, Hüsing yìí sì ni ẹni tó ti ń nìkan ta ẹran fún Kọ́ńpìnnì kí gómìnà tó gba àdéhùn náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Inú tó ń bí òun náà wà nínú ìwé ẹ̀sùn. Ẹni tí wọ́n gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń pariwo pé kí a má ṣe dá nìkan jẹun mọ́. Síbẹ̀ ohun tí wọ́n sọ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di irọ́.

Kí ẹ má bàa rò pé gbogbo oníwáìnì tó bá dé ipò ni í kó ìlú jẹ, ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹlòmíràn. James Busby ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland ni, wọ́n bí i ní ọdún 1802. Ní ọdún 1824 ni ó bá bàbá rẹ̀ dé Sydney ní Ọsirélíà, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ibi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó ẹlẹ́wọ̀n lọ. Bàbá rẹ̀ ni ó darí iṣẹ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ tí omi gbà dé ìlú náà. Ọmọ ní tirẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ àjàrà wá láti Faransé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ aláìlóbìí ní ilé ẹ̀kọ́ kan bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Ó gbà gbọ́ pé bí tálákà bá ní wáìnì fúyẹ́ tirẹ̀ nílé, kò ní máa fi ọtí líle pa ara rẹ̀. Ọtí ni ó fẹ́ fi lé ọtí jáde. A kò mọ ohun tí Àlhájì wa yóò sọ sí ìyẹn.

Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti ìjọba sì jà lórí owó. Ẹlòmíràn ì bá bínú lọ. Ní ọdún 1831 ó kọjá sí Sípéènì àti Faransé, ó ń ti ọgbà dé ọgbà, ó ń gé ẹ̀ka àjàrà, ó ń kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ó lé ní 500 oríṣi tí ó kó jọ. Nígbà tí ó parí, kò tà á. Ó fi gbogbo rẹ̀ ta ìjọba lọ́rẹ pé kí wọ́n gbìn ín sínú ọgbà ìjọba ní Sydney, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè máa wá gé níbẹ̀. Ó lé ní 300 tí ó yè nínú rẹ̀. Ọgbà náà kò rí ìtọ́jú pẹ́ títí, bí ohun ìjọba ti máa ń rí, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ti gé nínú rẹ̀ lọ sí àfonífojì Hunter, sí apá Melbourne, sí apá Adelaide. Àwọn ará Ọsirélíà kò tíì gbàgbé rẹ̀. Bàbá iṣẹ́ àjàrà ni wọ́n ń pè é.

Nígbà náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ipò fún un. Ní ọdún 1833 wọ́n rán an lọ sí New Zealand kí ó máa ṣojú fún ọba láàárín àwọn Māori tí wọ́n ni ilẹ̀ àti àwọn òyìnbó tí wọ́n ń rọ́ wọ ibẹ̀. Ipò náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní ṣọ́jà, wọn kò fún un ní ọlọ́pàá, kò ní àṣẹ láti mú ẹnikẹ́ni. Àwọn Māori sọ ọ́ ní ọkọ̀ ogun tí kò ní ìbọn. Ní ọdún 1834 wọ́n yìnbọn sí ilé rẹ̀ lóru, ó sì fara pa. Nígbà tí a ka ibẹ̀, a rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ má bínú. Olórí àwọn àlejò nínú ìlú onílùú mọ ohun tí à ń sọ. Wọn yóò fi ilẹ̀kẹ̀ sí ọ lọ́rùn, wọn yóò pè ọ́ síbi ayẹyẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, ẹnu rẹ nìkan ni ohun ìjà rẹ.

Ẹnu náà ni Busby lò. Wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ kan tí wọ́n kàn ní New Zealand ní èbúté Sydney, nítorí pé kò ní àsíá orílẹ̀-èdè kankan. Busby kó àwọn ìjòyè jọ ní oṣù kẹta ọdún 1834, wọ́n yan àsíá, òwò wọn sì rí ọ̀nà lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1835, ìjòyè 34 fọwọ́ sí ìwé tí ó bá wọn kọ pé olómìnira ni ilẹ̀ wọn. Ní gbogbo àkókò yìí, ó gbin àjàrà sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ní Waitangi. Ọ̀gákọ̀ ará Faransé kan, Dumont d'Urville, tọ́ wáìnì náà wò ní ọdún 1840, ó sì yìn ín nínú ìwé rẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 1840 yẹn, lórí pápá iwájú ilé Busby, ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn Waitangi. Òun àti William Hobson tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ rán dé ni wọ́n kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, míṣọ́nnárì kan, Henry Williams, àti ọmọ rẹ̀ sì tú u sí èdè Māori ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ti Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àwọn ìjòyè fi gbogbo àṣẹ ilẹ̀ náà fún ọbabìnrin. Ti Māori sọ pé kí gómìnà máa ṣe iṣẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n àṣẹ ìjòyè lórí ilẹ̀ àti ohun ìní wọn dúró digbí. Ìjòyè tó lé ní 500 ni ó fọwọ́ sí àdéhùn yìí nígbẹ̀yìn, ti èdè Māori ni púpọ̀ nínú wọn sì fọwọ́ sí. Wọ́n jà lórí rẹ̀ títí tí wọ́n fi ní láti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 1975 láti máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá àwọn onílẹ̀ ṣe ìwé ilẹ̀ ní èdè kan tí lọ́yà sì kọ ọ́ ní èdè mìíràn, ẹ lọ mú ìwé yín jáde, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì kà á fún yín.

Busby fúnra rẹ̀ kò bọ́ nínú rẹ̀. Ó ti ra ilẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn Māori nígbà tí ó wà nípò, ju èyí tí àwa rò pé ó yẹ ẹni tó ń ṣojú ìjọba. Ìjọba tuntun tí ó bá wọn fi lélẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n rà ṣáájú ọdún 1840 gbọ́dọ̀ di yíyẹ̀wò. Ipò rẹ̀ ti tán. Ogun ọdún 1845 sì ba ọgbà àjàrà rẹ̀ jẹ́. Ó wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin agbègbè Auckland, ó ń kọ ìwé, ó ń jà, ọdún tó sún mọ́ ọgbọ̀n ni ó fi ń lé ilẹ̀ náà kiri kí wọ́n tó san nǹkan fún un. Ó lọ sí London láti tọ́jú ojú rẹ̀, ó sì kú síbẹ̀ ní ọdún 1871. Ilẹ̀ tó rà, ó lé e títí ayé rẹ̀ fi lọ. Ẹ̀ka àjàrà tó fi tọrẹ, ó ń so ní Ọsirélíà títí dòní.

A kò ní pẹ́ lórí ti ayé ìsinsìnyí. Gavin Newsom ti ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní Amẹ́ríkà ṣí ṣọ́ọ̀bù wáìnì ní ìlú San Francisco ní ọdún 1992, ó wá ní ilé oúnjẹ àti ọgbà àjàrà tirẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ ìgbìmọ̀ ìlú, ó di olórí ìlú náà ní ọdún 2004, ó sì di gómìnà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Kí ó tó jókòó, ó ní kí ẹlòmíràn máa bá òun bójú tó iṣẹ́ wáìnì náà, kí wọ́n má sì máa sọ fún òun ohun tó ń lọ níbẹ̀. Ẹnu kò tìtorí ìyẹn sinmi. Nígbà tí kòrónà dé, tí ó ti ilé ìtọ́wáìnì pa ní agbègbè púpọ̀ ní oṣù keje ọdún 2020, agbègbè tí ọgbà tirẹ̀ wà kò sí nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tì. Bóyá iye aláìsàn ni wọ́n wò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n rí i níbi àsè kan ní ilé oúnjẹ olówó iyebíye ní àfonífojì Napa, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ fún ará ìlú pé kí wọ́n má ṣe kóra jọ. Inú tó ń bí àwọn èèyàn tún le sí i, wọ́n sì dìbò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 bóyá kí ó lọ. Kò lọ, ó borí.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní alẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn, a kò tètè sùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ náà bá wa wí ju ẹni tí wọ́n dárúkọ lọ. Nígbà tí a ń kọ́ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, ọ̀kan nínú àwọn olórí ni ó kó sìmẹ́ńtì wá láti ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Kí a má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, àwa tí a ń kọ ọ́ yìí ni. Iye tí a tà á fún ẹgbẹ́ kò ju ti ọjà lọ, a tilẹ̀ fún wọn láwìn. Ṣùgbọ́n a kò sọ ọ́ ní ìpàdé. Nígbà tí ilé dé orí òrùlé, ẹnìkan béèrè pé ta ni ó ta sìmẹ́ńtì, ojú wa sì le sí i. A ní ṣé a pè wá lólè ni? Ẹni náà kò bá wa ṣe ìpàdé mọ́ láti ọjọ́ yẹn, ó ti kó lọ sí Àbújá báyìí. Olè kọ́ ni wá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò burú, a kàn lo àga wa láti fi pa á lẹ́nu mọ́ ni. A kò ní tábìlì tí a ó gbé àti odi tí a ó tì í mọ́. Bí ìyẹn bá wà ńkọ́?

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, a dìde, a sọ ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì náà lójú gbogbo ènìyàn kí a tó dá sí ti wáìnì. Ara àwọn kan gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yan àbúrò wa náà ní akápò. Àlhájì wa kò dìbò fún un, ṣùgbọ́n kò jáde. A fẹnu kò pé ẹgbẹ́ kò ní ra ohunkóhun ní ṣọ́ọ̀bù akápò níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà nípò, bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe é fún alága, fún akọ̀wé, àti fún àwa. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjà rẹ̀ tọrẹ lè tọrẹ. Olùkọ́ ni ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó kọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, a sì ní kí ó ka méjèèjì síta kí a tó fọwọ́ sí i.

Àjọ̀dún wa kọjá ní oṣù tó kọjá. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní Bukuru ni a ti ra ohun mímu, ó sì gbówó lé ju bí a ti ń rà á tẹ́lẹ̀ lọ. Màmá tó ń ta ẹja gbígbẹ ni ó kọ́kọ́ ráhùn, ó ní olùkọ́ ni kí ó san ìyàtọ̀ rẹ̀. Akápò kò sọ nǹkan kan. Òun ni ó ka páálí kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń sọ ọ́ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó rí i pé méjì dín nínú ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ó sì dá dírẹ́bà padà lọ mú un wá.